Bí Ọlẹ̀ Bá Dákẹ́ Nínú Aboyún, Ta La Tún Ń Dúró Dè?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde ní Àbújá pé àwọn aboyún tí kò rí já jẹ yóò máa rí iṣẹ́ abẹ ìbímọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn sí i, inú tiwa náà dùn. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde: nínú nǹkan bí 260,000 obìnrin tí oyún tàbí ìbímọ gbẹ̀mí wọn lágbàáyé ní ọdún 2023, nǹkan bí 75,000 ló jẹ́ ará Nàìjíríà. Ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Ìṣirò àwọn ìyá nìyẹn o. Ti àwọn ọmọ wà lọ́tọ̀. Àwọn àjọ àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2021, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 ọmọ tí oyún wọn ti pé ọ̀sẹ̀ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n bí ní òkú. Ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó jẹ́ pé ìgbà tí ìyá ń rọbí lọ́wọ́ ni wọ́n kú. Àwọn yòókù ti dákẹ́ sínú kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà àti gúúsù ilẹ̀ Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù ti ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan wá rèé. Òpin ọ̀nà ni iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ wà. Kí obìnrin tó dé orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé ara ọmọ inú rẹ̀ kò yá, kó sì mọ̀ ọ́n nígbà tí ọwọ́ ṣì lè ran ọ̀rọ̀ náà. Ta ló ń kọ́kọ́ mọ̀? Kí ni dókítà àti agbẹ̀bí máa ń yẹ̀ wò? Kí ló sì dé tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ń mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, tí wọ́n ṣì ń dúró? A fẹ́ wo ìbéèrè mẹ́ta yìí pẹ̀lú ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí a gbàgbọ́ pé ilé wa ni púpọ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ìyá ló ń kọ́kọ́ mọ̀

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ ìbímọ ṣeré. Bí obìnrin bá bímọ, "Ẹ kú ewu" là ń kí i. Wọ́n mọ̀ pé ewu ni ó là kọjá. Wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìgbà tí ọmọ bá yí nínú ìyá rẹ̀: wọ́n ní ọlẹ̀ sọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ lára. Láti ìgbà náà ni yóò ti máa pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32. Lẹ́yìn náà, kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́, àmọ́ kì í dín kù títí ìyá yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀. Òmíràn máa ń yí lẹ́yìn oúnjẹ, òmíràn kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn lóru. Ìyá tó ń gbé e kiri ló mọ ìṣe rẹ̀.

A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà pé bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, ọmọ máa ń dákẹ́, pé àyè ti há mọ́ ọn, tàbí pé ó ń sinmi de ìrìn àjò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ọ̀pọ̀ ilé lára. Òótọ́ ni pé ọ̀nà tí ọmọ ń gbà yí lè yàtọ̀ nígbà tó bá ti tóbi. Ó lè máa yí bìrí tàbí kó máa na ara dípò kó máa ta ẹsẹ̀ fátafàta. Àmọ́ iye ìgbà tó ń yí kò gbọdọ̀ dín kù. Bí oúnjẹ àti ọ́síjìn tó ń gba inú ibi wọlé fún ọmọ kò bá tó mọ́, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ agbára ná. Á fi ẹ̀jẹ̀ tó kù sílẹ̀ fún ọpọlọ àti ọkàn rẹ̀, á sì dín yíyí apá àti ẹsẹ̀ kù. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ igbe.

Ẹ jẹ́ ká ya àwòrán ìdílé kan. Kì í ṣe ti ẹnìkan pàtó, àmọ́ kò sí àdúgbò tí a kò ti lè bá irú rẹ̀ pàdé. Oyún ìyàwó ti pé ọ̀sẹ̀ 36. Ní àárọ̀ Àlàrùbá, ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Màmá, ọmọ yìí kò yí láti àná." Ìyá ní, "Ìyàwó mi, má fòyà, oorun ló ń sùn. Jẹ́ kí Bàbá Àíṣátù ti ibi iṣẹ́ dé ná." Ẹ̀yìn ìrun ìṣáì ni ọkọ dé. Owó kò sí lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó di Jímọ̀ tí òun á gbowó. Ní Àlàmísì, àáfà àdúgbò ṣe àdúrà sínú omi fún un, ó mu ún, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa dé ilé ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, nọ́ọ̀sì gbé etí lé e, ó tún gbé etí lé e, ó wá pe nọ́ọ̀sì kejì.

Kò sí ẹni burúkú kankan nínú ìtàn yìí. Ìyá ọkọ fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọkọ ń wá owó tọkàntọkàn. Àáfà ṣe ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta kàn kọjá lọ láàárín àwọn èèyàn tó fẹ́ràn ọmọ náà ni.

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n ń ṣe?

Ọ̀pọ̀ ọkọ ni kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìyàwó wọn ní ilé ìwòsàn, nítorí ìta ni wọ́n máa ń jókòó sí. Bí èèyàn kò bá sì mọ ohun tí àyẹ̀wò kan wà fún, owó rẹ̀ kì í wù ú san.

Èyí tó rọrùn jù ni téèpù tí agbẹ̀bí fi ń wọn ikùn. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24, iye sẹ̀ǹtímítà tí téèpù náà bá fi hàn máa ń sún mọ́ iye ọ̀sẹ̀ tí oyún jẹ́. Bí ó bá ń kéré sí i ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè jẹ́ pé ọmọ kò dàgbà dáadáa. Èkejì ni fèrè onígi tàbí onírin tí agbẹ̀bí máa ń gbé sórí ikùn, tí á wá gbé etí lé e. Adolphe Pinard, dókítà ará Faransé, ló ṣe é jáde ní ọdún 1895, àwọn agbẹ̀bí wa sì ń lò ó títí di òní, nítorí kò nílò iná mànàmáná. Bí ara ọmọ bá le, ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní ìgbà 110 sí 160 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Àmọ́ gbígbọ́ pé ọkàn ọmọ ń lù fún ìṣẹ́jú kan kò sọ ju pé ọmọ wà láàyè ní ìṣẹ́jú náà lọ. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà yín nímọ̀ràn láti ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí obìnrin lè fi máa gbọ́ ọkàn ọmọ nílé. Ó lè jẹ́ ìlù ọkàn ìyá fúnra rẹ̀ tàbí ariwo ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ibi kọjá ni ó ń gbọ́, tí á wá fi ọkàn balẹ̀ jókòó nílé nígbà tó yẹ kó ti wà lọ́nà.

Bí ọmọ bá dákẹ́, ohun tí ilé ìwòsàn tó ní ohun èlò máa kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á jẹ́ kí aboyún fẹ̀yìn tì, wọ́n á sì de bẹ́líìtì méjì mọ́ ọn níkùn. Ọ̀kan ń ka bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, èkejì ń mọ̀ bí ilé ọmọ bá ń sún kì. Ẹ̀rọ á máa fi ìlà ya ohun tó ń gbọ́ sórí bébà. Fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á máa wò ó bóyá ìlù ọkàn ọmọ ń yára sí i nígbà tó bá yí. Fún oyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 32, wọ́n ń retí kó yára tó ìgbà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí 15 ju bó ṣe ń lù tẹ́lẹ̀ lọ, kó sì pé ìṣẹ́jú-àáyá 15. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á fà á gùn di ogójì ìṣẹ́jú, nítorí ọmọ inú náà máa ń sùn. Àyẹ̀wò yìí kì í dunni, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ohun tó wọ ara ìyá tàbí ọmọ.

Bí ìyẹn kò bá fi dókítà lọ́kàn balẹ̀, skáànù ló kàn. Dókítà Frank Manning àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní ọdún 1980 tí wọ́n fi ń fún ọmọ inú ní máàkì. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń wò: ṣé ọmọ ń yí, ṣé ó ń ká apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, tó sì ń nà wọ́n, ṣé àyà rẹ̀ ń ṣe bí ẹni ń mí, ṣé omi tó yí i ká tó, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù lórí ẹ̀rọ bẹ́líìtì tí a sọ lókè. Máàkì méjì ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá lápapọ̀. Bí ó bá gba 8 tàbí 10, tí omi sì tó, ara ọmọ le. Bí ó bá gba 6, wọ́n á tún un ṣe láìpẹ́, tàbí kí wọ́n gbẹ̀bí bí oyún bá ti pé. Bí ó bá jẹ́ 4 sí ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á fẹ́ gbé ọmọ náà jáde. Bí ọmọ bá sì kéré ju ọjọ́ orí oyún lọ, skáànù tún lè wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn gba inú ìwọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí èyí: skáànù tí ẹ ṣe ní oṣù karùn-ún, tí wọ́n fi sọ fún yín pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kò lè sọ bí ara ọmọ náà ṣe rí ní oṣù kẹsàn-án. A ti rí ìdílé tó fi bébà rẹ̀ pamọ́ bí ẹni pé ìwé ẹ̀rí ni.

Kò pọn dandan fún gbogbo aboyún

Kí a má bàa di ẹni tó ń kó jìnnìjìnnì bá aboyún, ẹ jẹ́ ká sọ èyí náà. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2016, wọ́n ní kí aboyún fojú kan òṣìṣẹ́ ìlera ní ìgbà mẹ́jọ, márùn-ún nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28. Kó sì ṣe skáànù kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Wọn kò ní kí wọ́n máa de bẹ́líìtì ẹ̀rọ mọ́ gbogbo aboyún tí ara rẹ̀ le, nítorí kò sí ẹ̀rí pé ó ń ṣe wọ́n láǹfààní.

Àwọn tí àyẹ̀wò yìí wà fún ni obìnrin tí ọmọ rẹ̀ dákẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Ẹni tó lóyún ìbejì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò dàgbà tó. Ẹni tí oyún rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ 41. Àti ẹni tí ọmọ ti kú sí nínú rí. Bí ẹ̀yin tàbí ìyàwó yín bá wà nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ bi dókítà léèrè ìgbà tí ẹ máa wá fún àyẹ̀wò. Ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá dákẹ́.

Àyẹ̀wò náà ní ààlà tirẹ̀. Bí èsì bẹ́líìtì bá dára, ó fọkàn ẹni balẹ̀ gan-an: iye ọmọ tó ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èsì tó dára kò tó 2 nínú 1,000. Ṣùgbọ́n bí èsì kò bá dára, kò túmọ̀ sí pé ọmọ ti wà nínú ewu dandan. Oorun ọmọ tàbí oògùn tí ìyá ń lò lè fà á. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ kì í fi àyẹ̀wò kan ṣoṣo pinnu iṣẹ́ abẹ bí àyè bá wà láti tún un wò. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n kàn fẹ́ la ìyàwó òun lẹ́yìn lè béèrè pé: Kí lẹ rí? Ṣé ẹ lè tún un ṣe? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí a bá dúró di ọ̀la? Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Ẹ ṣáà jẹ́ kó jẹ́ inú ilé ìwòsàn ni ẹ ti ń béèrè rẹ̀.

Ibi mẹ́ta tí a ti ń pẹ́

Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé lórí ìdí tí àwọn aboyún fi ń kú. Wọ́n ní ìdádúró mẹ́ta ló wà: ìdádúró nínú ilé kí wọ́n tó pinnu àtilọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró nínú ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà pẹ̀lú wa.

Ẹ̀rí wà ní ilẹ̀ Yorùbá pé a lè gbógun tì wọ́n. Ní ọdún 2009, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè láti ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera tí ó ń bójú tó wọn, tí wọ́n sì lè pè. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú ibẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó yá, wọ́n fa àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ náà mọ́ra nípasẹ̀ ètò Agbẹ̀bíyè: wọ́n ń fún wọn lẹ́bùn bí wọ́n bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn dípò kí wọ́n gbẹ̀bí fún un. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí aboyún á ti rí ẹni pè.

Ní gbogbo Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ìdílé ní ọdún 2018 fi hàn pé obìnrin 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣe àbẹ̀wò oyún tó ìgbà mẹ́rin, tí 39 nínú ọgọ́rùn-ún ìbí sì wáyé ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò bá lọ síbẹ̀ rárá, ta ni yóò wọn ikùn rẹ̀? Ta ni yóò sọ fún un pé ọmọ kò gbọdọ̀ dákẹ́?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí àwọn èèyàn máa ń mú wá

A máa ń gbọ́ ọ pé Ọlọ́hun nìkan ló mọ ohun tó wà nínú ilé ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú Súrátu Luqmọ́ọ̀nù. Òdodo ni. Àwọn onímọ̀ wa ti ṣàlàyé pé ìmọ̀ Ọlọ́hun lórí ọmọ náà pé pérépéré: ìṣẹ̀dá rẹ̀, arísìkí rẹ̀, ọjọ́ ayé rẹ̀, àtìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ rí lẹ́yìn tí Ọlọ́hun ti dá a kì í ṣe ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ọlọ́hun kan náà ló ní kí a bi àwọn onímọ̀ léèrè bí a kò bá mọ̀, Òun náà ló kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Gbogbo wa la mọ ìtàn ọkùnrin tó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso, tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ní kó so ó kó tó gbára lé Ọlọ́hun. Lílọ sí ilé ìwòsàn ni sísọ ràkúnmí náà.

Àwọn kan tún ní obìnrin tó bá kú sórí ìkúnlẹ̀ gba ẹ̀san ẹni tó kú ikú ṣẹ̀ídì. Bẹ́ẹ̀ ni hádíìsì sọ. Ẹ̀san tirẹ̀ lọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ tó ní ọkọ̀ ní iwájú ilé, tí kò gbé e lọ, kò lè fi ẹ̀san ìyàwó rẹ̀ ṣe àwíjàre.

Ní ti àdúrà, omi àdúrà àti hàǹtú, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe àdúrà. A ń bẹ ẹ̀yin àáfà wa ni: bí wọ́n bá mú aboyún wá tó ní ọmọ òun kò yí, ẹ ṣe àdúrà fún un bí ó ti ń wọ ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kó jókòó. Ọ̀rọ̀ yín wúwo nínú ilé ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Bí ẹ bá ní "Ẹ máa lọ báyìí," wọ́n á lọ.

Ní ti ọkùnrin tó ń ṣe skáànù, ẹ̀tọ́ obìnrin ni láti béèrè fún obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí ojú tì í láti béèrè. Bí kò bá sí, àwọn onímọ̀ ti gbà pé ìnílò ṣí ọ̀nà sílẹ̀: kí ọkọ tàbí ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n sì ṣí ìwọ̀nba ibi tí àyẹ̀wò nílò nìkan. Bákan náà ni ààwẹ̀ Rámádánì. Aboyún tó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀ ní ìyọ̀ǹda láti ṣínu. Bí ọmọ bá dákẹ́ nígbà tó ń gba ààwẹ̀, kó ṣínu, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ. Kó má ṣe dúró di àsìkò ìṣínu láti mọ̀ bóyá ọmọ á yí lẹ́yìn oúnjẹ.

Owó àti ojúṣe ìjọba

Kò yẹ kí a di gbogbo ẹrù ru ìdílé. Ìjọba ní iṣẹ́ abẹ di ọ̀fẹ́ fún aláìní, pé kí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìní ní ilé ìwòsàn yẹ ẹni náà wò, kí ètò adójútòfò ìlera sì san owó rẹ̀. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ àwọn èèyàn ni kò ní ẹ̀rọ bẹ́líìtì náà, ọ̀pọ̀ ni kò ní iná tó máa gbé e, àwọn agbẹ̀bí tó mọ̀ ọ́n kà sì ń rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ilé àyẹ̀wò aládàáni ni wọ́n máa ń darí aboyún sí, owó àpò rẹ̀ ni á sì fi san án. Ìjọba tó bá san owó iṣẹ́ abẹ, tí kò san owó àyẹ̀wò tó ń fi hàn pé iṣẹ́ abẹ náà yẹ, ṣe ìdajì iṣẹ́.

Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti ní adójútòfò. Nítorí náà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín: ṣé ètò yín san owó skáànù oṣù ìkẹyìn? Ṣé ó san owó àyẹ̀wò ọkàn ọmọ? Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ yín nígbà tó bá wá tọrọ ìbò ní mọ́ṣáláṣí. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bá bi ìjọba, ìjọba kì í dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Bìrìtìkó kò ní ìṣòro owó yìí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún níbẹ̀ ti fi hàn léraléra pé iye àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń bí ní òkú ju ìlọ́po méjì ti àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun lọ. Ìmọ̀ràn ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ ni pé bí yíyí ọmọ bá dín kù tàbí tó yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń rí, kí obìnrin pe agbẹ̀bí lójú ẹsẹ̀, lọ́sàn-án tàbí lóru, kó má dúró di ọjọ́ kejì. Wọn kò fún un ní iye ìgbà kan pàtó tí ọmọ gbọ́dọ̀ yí; ìyípadà nínú ìṣe ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n ní kó ṣọ́.

Ohun tí a rí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa níbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pe ìyá wọn ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin kí wọ́n tó pe agbẹ̀bí. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọ yín bá pè yín lórí WhatsApp pé ọmọ kò yí, ìdáhùn kan ṣoṣo ni kí ẹ fún un: "Ọmọ mi, gé fóònù yìí, pe àwọn agbẹ̀bí rẹ." Bí wọ́n bá sì dá a padà sílé, tí ọmọ tún dákẹ́, kó tún padà lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó ti ń yọ àwọn lẹ́nu jù.

Ohun tí a lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ohun tí a ń bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan láti ṣe kò le. Láti ọ̀sẹ̀ 28, kí aboyún máa fọkàn sí ìgbà tí ọmọ rẹ̀ máa ń yí. Bí kò bá dá a lójú pé ọmọ ń yí bó ṣe yẹ, kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ ní ibi tó pa rọ́rọ́, kó fọkàn sí i. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń kọ́ni pé bí kò bá gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá láàárín wákàtí méjì, kó máa bọ̀. Àmọ́ bí ó bá ti dá a lójú pé ọmọ kò ṣe bíi tàtẹ̀yìnwá, kò sí ohun tó ń kà mọ́. Kó dìde.

Kí ọkọ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, níwájú ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, pé: "Bí ọmọ bá dákẹ́, ẹ má dúró dè mí." Kí ó fi owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò sí ibì kan tí ìyàwó mọ̀. Kí wọ́n ti mọ ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì ní nọ́ńbà onímọ́tò tó lè gbé wọn lóru.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹ̀ ń dá owó jọ fún aṣọ ẹgbẹ́ àti wòlímọ̀. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún aboyún tí kò ní. Aláìní ni, ó sì wà lára àwọn tí sàká tọ́ sí. Ẹ̀yin Ìmáámù, kùtúbà kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ tí nọ́ọ̀sì kò lè bá sọ̀rọ̀, nítorí wọn kì í wọ yàrá ìtọ́jú aboyún.

Kádàrá wà. A gbà á gbọ́. Ọmọ kan lè kú lẹ́yìn tí ìdílé ti ṣe gbogbo ohun tó tọ́, irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bi lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí a fi orúkọ kádàrá pe ọjọ́ mẹ́ta tí a fi jókòó.

Kí Ọlọ́hun sọ gbogbo aboyún wa kalẹ̀ ní àyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín.